Ẹ Lu Agolo Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé, láti ìlú Ẹdẹ

[Ìró agolo: ko, ko, ko. Lẹ́yìn náà, ìró ẹsẹ̀ adìẹ lórí ilẹ̀ gbígbẹ.]

Ìró tí ẹ gbọ́ yẹn, agolo mílíìkì tó ti ṣófo ni mo fi ṣíbí lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìnkùlé ilé mi ní Òkè Gada, níbí ní Ẹdẹ. Ẹsẹ̀ tí ẹ gbọ́ tẹ̀ lé e, ti àgbébọ̀ pupa kan ni. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Tòsì ń ríran, àmọ́ kò mọ́lẹ̀ tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́ agolo, ó mọ̀ pé èmi ni, ó mọ̀ pé oúnjẹ dé, ó sì ń bọ̀ tààrà láìkọlu ògiri, láìkọlu ìkòkò. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti ń gbé bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn mọ́kànlá yòókù.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń gbọ́ mi báyìí tó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, adìẹ tójú rẹ̀ ti fọ́, ṣé kì í ṣe ọbẹ̀ ló kàn? Mi ò bá a jà. Adìẹ la fi ń ṣe àlejò, adìẹ náà la sì ń tà nígbà míì tí owó ìwé ọmọ bá dé. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ ó rí i pé ẹni tó ń ta adìẹ olójú kan máa ń kọ ojú tó dára sí oníbàárà, torí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá rí ìkejì, owó á já wálẹ̀. Àwa Mùsùlùmí ìlú yìí náà mọ̀ pé àgbò tí ojú rẹ̀ kan fọ́ gbangba kò ṣe é fi ṣe ẹran Iléyá. Ó ti wọ̀ wá lára láti máa wo irú ẹran bẹ́ẹ̀ bí ohun tó ti tán. Ṣùgbọ́n adìẹ kì í fi ojú yé ẹyin, kì í sì í fi ojú sàba. Kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ, ohun kan wà tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wádìí: kí ló fọ́ ọ lójú? Torí ohun tó fọ́ ojú adìẹ kan lónìí lè jẹ́ ohun tó ń bọ̀ wá bá gbogbo agbo lọ́la. Ẹni tó bá sáré pa á, tó sì gbàgbé láti béèrè, ó ti lé ẹni tó wá jíṣẹ́ fún un dànù.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára fún ìdí kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá bàbá mi ní àgbébọ̀ aṣá kan, irú èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn. Nígbà tí òjò ọdún kan ń parí lọ, nǹkan sú sí i lógbe àti létí ojú. Ó gbẹ, ó di èépá, èépá náà sì pa ojú méjèèjì dé. Èmi ni wọ́n ní kí n máa fún un lóúnjẹ. Mo ń da àgbàdo síwájú rẹ̀ láràárọ̀, mo sì ń sáré lọ ṣeré. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó kú. Gbogbo ilé ní àìsàn ló pa á. Ìgbà tí mo dàgbà tán ni mo ròyìn rẹ̀ fún dókítà ẹran kan, ó sì bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ rí i kó gbé àgbàdo náà mì?" Mi ò lè dáhùn. Àgbàdo wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́, kò rí i. Ó ṣeé ṣe kí àrùn yẹn ti lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ebi àti òùngbẹ ló pa á, níbi tí omi kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ẹnu rẹ̀ lọ.

Torí bó ṣe ń sú, ìgbóná adìẹ ni mo máa pe àrùn náà nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ẹ̀fọn wà lára ohun tó ń gbé e láti ara adìẹ kan sí òmíràn, ìdí nìyẹn tó fi ń gbilẹ̀ níbi tí omi bá dúró sínú táyà àti agolo káàkiri àgbàlá. Kì í ran èèyàn. Àjẹsára rẹ̀ wà, inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà ní apá adìẹ ni wọ́n ti ń gún un. Bó bá ti mú adìẹ tán, kò sí oògùn tó ń lé e, ìtọ́jú ló kù. Ìtọ́jú náà kò sì le. Ẹ se omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, ìyẹn ìdajì líìtà. Ẹ bu iyọ̀ ṣíbí tíì kan tí ẹ ti gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ sí i, kí ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ rẹ aṣọ funfun tó mọ́ sínú rẹ̀, ẹ gbé e lé ojú adìẹ náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí èépá lè rọ̀, kí ẹ tó wá nù ún jẹ́jẹ́ láti ìhà ẹnu lọ sí ẹ̀yìn. Aṣọ tí ẹ fi nu ojú kan, ẹ má fi kan ìkejì. Èépá tó bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹni tó bá fi èékánná ṣí i lè ṣí ara ojú mọ́ ọn.

Kó tó lajú, ọwọ́ yín ni ojú rẹ̀. Ẹ po oúnjẹ rẹ̀ mọ́ omi díẹ̀ kó di òkèlè kéékèèké, kí ẹ máa fi kan ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi mọ̀ pé oúnjẹ ni. Ẹ ti ṣónṣó ẹnu rẹ̀ bọ omi, kí omi má dé ihò imú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, bó ti wù kó rí. Ní alẹ́, ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ níwájú àyà, níbi tí oúnjẹ máa ń kọ́kọ́ kóra jọ sí. Bó bá rí roboto bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó jẹun. Bó bá pẹlẹbẹ, ohunkóhun tí ẹ rò pé ó jẹ lọ́sàn-án, kò jẹ ẹ́. Ìyá bàbá mi kò mọ èyí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ti wá mọ̀ ọ́n.

Ẹ dákun, ẹ má rọ kẹrosíìnì sí ojú adìẹ, ẹ má rọ ìtọ̀, ẹ má fún omi tábà tàbí omi ata sí i. Oògùn ojú èèyàn tó ṣẹ́kù sínú dúrọ́ọ̀ náà, ẹ fi í síbẹ̀. Òmíràn nínú wọn ní èròjà tí wọ́n ń pè ní dexamethasone, ojú tó bá sì ti ní ọgbẹ́, irú oògùn yẹn lè bà á jẹ́ tán.

Ìgbóná nìkan kọ́ ló ń dí adìẹ lójú. Gbogbo wa la mọ lúkúlúkú. Newcastle ni àwọn dókítà ń pè é, orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti rí i ní 1926. Ní Nàìjíríà, agbègbè Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ní nǹkan bí 1952 sí 1953. Kò dìgbà tí ẹ bá rí adìẹ tó yí ọrùn sẹ́yìn: ojú lè kọ́kọ́ wú, kó máa ṣomi, kí adìẹ máa mí hẹlẹ, kó máa ya ìgbẹ́ olómi aláwọ̀ ewé, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ adìẹ olójú kan ti parí, ọ̀rọ̀ agbo ló kù. Ẹ má gbé ìkankan lọ sọ́jà, ẹ má fún ará ilé kejì, ẹ ké sí dókítà ẹran. Kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n má fi ọwọ́ náà ra ojú, torí lúkúlúkú lè mú kí ojú èèyàn pọ́n, kó sì máa ta á fún ọjọ́ mélòó kan. Ọṣẹ àti omi ni kó kọ́kọ́ dé.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni èyí tí àwa fúnra wa ń fà láìmọ̀, nípa oúnjẹ. Èérí ògì ni ọ̀pọ̀ ilé ń fún adìẹ, kò sì burú. Ṣùgbọ́n àgbàdo funfun kò ní èròjà tí ara adìẹ ń sọ di fítámì A, bí àgbàdo funfun bá sì ni gbogbo oúnjẹ rẹ̀, tí wọ́n tún sé e mọ́ ibi tí kò ti lè já ewé jẹ, bó pẹ́ bó yá, nǹkan funfun kan tó dà bí wàrà dídì á bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Ojú á lẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á máa wá ẹni tó ṣe é. Àgbàdo pupa ní èròjà náà, ewé tẹ̀tẹ̀ ní in, ewé ọ̀dùnkún ní in, epo pupa sì ní in ju gbogbo wọn lọ. Ṣíbí tíì epo kan tí ẹ pò mọ́ oúnjẹ adìẹ mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò ná yín ní nǹkan tó pọ̀. Ìlú tí epo pupa ti wà nínú gbogbo ìkòkò, kò yẹ kí àìsí fítámì A fọ́ adìẹ lójú níbẹ̀.

Èkejì tó jẹ́ tọwọ́ wa ni afẹ́fẹ́ ilé adìẹ. Ìgbẹ́ tó ti rin, tí a kò kó, máa ń rú òórùn kan jáde tó ń ta èèyàn nímú, tó sì ń jó ẹyinjú adìẹ. Àwa ń dúró lókè, a ní kò rùn púpọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí imú yín dé ibi tí orí adìẹ wà, kí ẹ ka oókan dé ogún. Bí ojú yín bá ń ta, ẹ kó lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà nílẹ̀ dànù, ẹ da tuntun láti sọ́míìlì sí i, ẹ sì wá ibi tí atẹ́gùn á gbà wọlé.

Àwọn yòókù, mo máa yára mẹ́nu kàn wọ́n. Ojú tó ń yọ ìfófòó, tí iwájú orí wú, tí imú ń rùn, oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà ẹran, ẹ sì béèrè iye ọjọ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin lẹ́yìn oògùn náà. Aràn ojú kan wà tó rí bí fọ́nrán òwú, aáyán ni adìẹ ń jẹ tó fi ń kó o. Ọmọlójú tó bá ń di aláwọ̀ eérú, tí kò roboto mọ́, lè jẹ́ àrùn Marek, èyí tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún òròmọdìẹ níbi tí wọ́n ti pa á, lọ́jọ́ tó jáde. Tèmi kò sí nínú gbogbo wọn. Mo ra àgbébọ̀ méjì tuntun, mo sì tú wọn sáàárín agbo lọ́sàn-án gangan, láìjẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi nẹ́ẹ̀tì sáàárín mọ ara wọn. Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Kí n tó jáde láti ilé ìdáná, èékánná ti wọ ojú ọ̀tún àgbébọ̀ pupa. Ẹ̀bi yẹn, tèmi ni.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìwọ̀n tí adìẹ yín ṣì ń rí? Ẹ gbé e lé itan nígbà tó bá ti fara balẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, kí ẹ máa mú ìka kan bọ̀ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ síhà ìkejì. Ẹ má fẹ́ ẹ bí abẹ̀bẹ̀, torí bí atẹ́gùn bá kàn án ó lè ṣẹ́jú láìrí nǹkan kan. Bó bá ń rí ìka, á yẹrí. Ẹ tún wò ó nínú àgbàlá. Èyí tójú rẹ̀ kan fọ́ máa ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń rìn yípo síhà kan, ó máa ń sọ ilẹ̀ lẹ́nu kó sì tàsé àgbàdo. Bí ẹnìkan bá gba ìhà ojú tó fọ́ wá, á fò sókè bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára.

Ó yẹ kí a mọ ohun tó pàdánù. Ojú àwa èèyàn, iwájú ni méjèèjì kọ sí, ohun tí ọ̀tún ń rí ni òsì náà ń rí, yàtọ̀ sí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èèyàn olójú kan ṣì ń rí ọ̀pọ̀ jù nínú ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ojú adìẹ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ orí ló wà. Nínú dígírì 360 tó yí i ká, ó ń rí nǹkan bí 300 láìyí ọrùn, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni ojú méjèèjì jọ ń rí. Bí ọ̀kan bá fọ́, nǹkan bí ìdajì ayé rẹ̀ ló di òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojú méjèèjì kò sì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Onímọ̀ kan ní Ọsirélíà, Lesley Rogers, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó bá ku ọjọ́ díẹ̀ kí òròmọdìẹ jáde, ó ti ká mọ́ra nínú ẹyin, ojú òsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ojú ọ̀tún kọ sí èèpo. Nígbà tí ìyá bá dìde lórí ìtẹ́ láti lọ jẹun, ìmọ́lẹ̀ gba inú èèpo kan ojú ọ̀tún. Ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti pínyà. Lọ́dọ̀ òròmọdìẹ, ojú ọ̀tún ló mọ ọkà yàtọ̀ sí òkúta wẹ́wẹ́, ojú òsì ló ń ṣọ́ àṣá. Òròmọdìẹ ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà, adìẹ tó ti dàgbà sì lè kọ́ ojú kan ní iṣẹ́ ìkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ọ̀tún àgbébọ̀ pupa ti fọ́, mo rí i fúnra mi pé òkúta ló ń sọ lẹ́nu. Mo ń fọ́n àgbàdo sílẹ̀ fún gbogbo wọn, òun nìkan ń rù. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé oúnjẹ rẹ̀ sínú àwo amọ̀ tó fẹ̀, tí kò sí iyanrìn nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Bó bá jẹ́ pé ojú òsì ni ti adìẹ yín, ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe ni kí n má jẹ́ kó máa jẹ̀ ní gbangba. Abẹ́ máńgòrò ni, tàbí abẹ́ nẹ́ẹ̀tì, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí àwòdì bá ń yípo lójú ọ̀run.

Ilé irú adìẹ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ àtúntò. Ó ti ya àwòrán àgbàlá yín sínú orí: omi lápá ibí, àwo lápá ọ̀hún, ìtẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá gbé ìkòkò omi láti ìdí ògiri lọ sábẹ́ ìgbátí, òun á ṣì lọ mu omi ní ìdí ògiri. Ẹ fi amọ̀ tàbí ohun tó wúwo ṣe àwo omi rẹ̀ kí èyí tó ń sáré má baà dà á nù, torí àgbébọ̀ kan lè mu ìdá kan nínú mẹ́rin líìtà lójúmọ́, ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà. Igi tó ń sùn lé, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó má ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Adìẹ olójú kan kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà dáadáa, bó bá fò láti ibi gíga, àyà ló máa fi sọlẹ̀. Kànga sì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ agbolé ní Ẹdẹ ní kànga, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìdérí rẹ̀ jẹ́ páànù tó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ tún un ṣe lónìí. Ti ọmọdé tiẹ̀ ju ti adìẹ lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kàn. Ọmọ ilẹ̀ Norway kan tó ń jẹ́ Thorleif Schjelderup-Ebbe ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé adìẹ ní àgbà àti àbúrò láàárín ara wọn, pé ẹni tó lè sọ ta ni lẹ́nu ti wà létòlétò. Láti kékeré ló ti ń jókòó wo adìẹ. Àwọn ìyá wa náà mọ̀ ọ́n, wọn kò kàn kọ ọ́ sínú ìwé. Adìẹ tó bá fọ́jú máa ń já bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá láàárín ọjọ́ kan, torí kò rí ẹni tó ń bọ̀, kò lè yẹ̀ ẹ́, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó tẹrí ba. Ẹ má gbé e lọ sínú iyàrá kan kó dá wà, ìdákẹ́rọ́rọ́ á pa á lára. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì pààlà fún un níbi tó ti ń gbóhùn wọn, kí ẹ sì fún un ní ẹnìkejì kan tó níwà tútù. Tèmi, àgbébọ̀ abọ́lọ́rùn kan ni mo fi sọ́dọ̀ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àgbébọ̀ pupa ti ń tẹ̀ lé ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kiri. Nígbà tí mo tú wọn padà sáàárín àwọn yòókù, nírọ̀lẹ́ tí gbogbo wọn ti fẹ́ sùn, àwọn méjèèjì ni mo jọ tú sílẹ̀. Ní ti àkùkọ, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá ń gùn ún láti ìhà tí kò ríran, ìpayà lásán ló ń kó bá a. Ẹ yà wọ́n fún ìgbà díẹ̀.

[Ìró agolo: ko, ko, ko.]

Mo padà sí agolo mi. Ìlú onílù ni wá. Ọba John Adétòyèsè Láoyè, Tìmì Ẹdẹ tó wà lórí oyè láti 1946 di 1975, mọ dùndún lù débi pé òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, ọba tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọ̀pá ìlù. Ẹni tó bá dàgbà ní Ẹdẹ kò nílò kí a ṣàlàyé fún un pé ìró lè gbé ọ̀rọ̀. Èyí ni mo ronú sí nígbà tí mo rí i pé ìpayà ló ń ṣe adìẹ mi ju àìríran lọ. Mo yan ìró mẹ́ta. Agolo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, oúnjẹ dé. Ọwọ́ tí mo fi gbá igi ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, mo fẹ́ wọlé. Tí mo bá sì fẹ́ fọwọ́ kàn án, ohùn mi ni: mo máa ń pè é ní "Pupa, Pupa," kí ọwọ́ mi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì ń gba ìhà òsì tó ń rí wá. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tó fi gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó wà nílé mi náà ti kọ́ ọ. Kì í gbé adìẹ kankan mọ́ láìkọ́kọ́ pè é, àtolójú kan àtolójú méjì.

Ṣé yóò ṣì máa yé ẹyin? Yóò máa yé. Ní àwọn ọdún 1930, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé, Jacques Benoit, fi pẹ́pẹ́yẹ wádìí rẹ̀, ó sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ kò dìgbà tó bá gba ojú kó tó sọ fún ara ẹyẹ pé àkókò ìyé ti tó. Ó ń gba inú egungun orí kọjá lọ kan ọpọlọ. Adìẹ tó fọ́jú méjèèjì pàápàá, ara rẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Ohun tó ń dá ìyé dúró lára irú wọn ni ebi, ìpayà, àti ìtẹ́ tí wọn kò rí. Ẹ gbé ìtẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fi ẹyin igi tàbí òkúta roboto kan sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ ọ̀nà.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe ni àjẹsára lúkúlúkú tí wọ́n ń kán sójú. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti wà láti 1924, ń ṣe irú kan tí wọ́n ń pè ní I-2, tó fara da ooru ju àwọn ti àtijọ́ lọ. Ẹ̀kán kan sí ojú kan ni, òròmọdìẹ àti àkùkọ, ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin síra. Fún adìẹ olójú kan, ojú tó yè ni kí ẹ kán an sí. Ojú tó ti fọ́, tó ti jìn sínú, lè má gbà á wọlé. Ẹ dì í mú títí yóò fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí ẹ ti ṣe é kí ọyẹ́ tó dé.

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé àánú ni kí ẹ jẹ́ kó lọ. Bí ìrora bá wà lára rẹ̀ tí dókítà kò lè mú kúrò, bó bá dùbúlẹ̀ tí kò gbóhùn yín mọ́, bó bá jẹ́ pé egungun àyà rẹ̀ ti yọ bí ẹnu ọ̀bẹ láìka gbogbo oúnjẹ tí ẹ fi ọwọ́ fún un sí, ẹ má fi í jìyà torí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣe é kíákíá. Èyí tó bá sì ti gba oògùn, tàbí tí àìsàn wà lára rẹ̀, kì í ṣe ohun ọbẹ̀. Ẹ gbẹ́lẹ̀ jìn, kí ẹ sin ín.

Ti àgbébọ̀ pupa kò tíì débẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ó sàba lé ẹyin mọ́kànlá, mẹ́jọ sì pa nínú wọn. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé á máa tẹ àwọn ọmọ mọ́lẹ̀, pé àwọn tó bá gba ìhà ọ̀tún rẹ̀ á sọnù. Mo gbé àpótí sítòsí, mo jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ń ké, òun ń dá wọn lóhùn, bí ohùn ọ̀kan bá sì jìnnà sí i, á dúró, á yí orí, á pè é títí tí yóò fi dé. Ní alẹ́ àná mo tan tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n. Àwọn méjì wà lábẹ́ apá òsì. Mẹ́fà yòókù sùn sábẹ́ apá ọ̀tún, ní ìhà tí kò ríran.